Télọ̀ Tó Fẹ́ Fi Kárọ́ọ̀tì Tún Orí Rẹ̀ Ṣe

Tí ẹ bá fẹ́ kí ìtàn yìí dùn, ẹnu télọ̀ náà alára ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi télọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ tó òun fúnra rẹ̀. Àmọ́ bó bá ti dé ibi ìkòkò tó jóná, ẹ̀rín á gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, á máa fi ọwọ́ gbá orí máṣíìnì, kò sì ní í lè parí rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bá a sọ ọ́.

Má-Kọ-Ọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń ránṣọ nínú yàrá kan lókè ilé alájà tó dojú kọ ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sì kọ ìwọ̀n oníbàárà kankan sílẹ̀ rí. Àwọn télọ̀ yòókù a máa ní ìwé kan tí wọ́n so pẹ́ńsùlù mọ́. Tirẹ̀ kọ́. Bó bá ti fi téèpù yí ènìyàn ká, á kígbe ìwọ̀n náà bí ẹni tó ń pe orúkọ nílé ẹjọ́: "Àyà, méjìdínlógójì! Ìbàdí, méjìlélọ́gbọ̀n! Ẹsẹ̀, mẹ́rìnlélógójì!" Bí oníbàárà bá wá béèrè pé, "Ẹ ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ ni?", á fi ìka tọ́ka sí iwájú orí rẹ̀, á ní, "Kí ni mo fẹ́ kọ? Ìwé a máa sọnù. Ṣé ẹ ti rí ẹni tí orí rẹ̀ sọnù rí?"

Ó fi ṣe fáàrí títí ó fi kọjá ààlà. Lọ́jọ́ kan, lórí ìlà nílé ìfìwéránṣẹ́, ó rí ìyáàfin kan tó ti rán kóòtù fún lọ́dún mẹ́rin ṣáájú, ó sì kí i lóhùn rara: "Ẹ káàárọ̀ o, mà! Ìbàdí méjìlélógójì, àbí mo purọ́?" Gbogbo ìlà ló yíjú padà. Ìyáàfin náà kò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá mọ́ láti ọjọ́ náà. Má-Kọ-Ọ́ ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ló korò lẹ́nu.

Ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, á máa ran bọ́tìnnì, á máa ṣẹ́ etí aṣọ. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Bí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ gé aṣọ, á dúró ti tábìlì, á di ojú, á ní, "Ọ̀gá Ilé-ìwé... ìbàdí... ọgbọ̀n ó lé..." Ìyàwó rẹ̀ á rọra sọ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pé, "Méjì." Òun náà á ní, "Ó lé méjì! Ṣebí ohun tí mò ń sọ bọ̀ nìyẹn!" Á la ojú, á mú àlùmọ́gàjí, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Orúnkún ló lé obìnrin náà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún ni wọ́n máa gùn kí wọ́n tó dé yàrá yẹn, ó sì di ọjọ́ kan tó jẹ́ pé ó jókòó sórí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e lé ẹ̀yìn délẹ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà sípò, ó ní, "Ìyáa wọn, lọ sinmi nílé. Ṣé kì í ṣe bọ́tìnnì náà ni? Èmi nìkan tó iṣẹ́ yìí ṣe."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ran bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkùnrin sí apá òsì bíi ti obìnrin. Ó rán kóòtù fún akọ̀wé báńkì, ó gbàgbé àpò inú. Á di ojú níwájú tábìlì, á ní, "ogójì ó lé...", kò sì ní í sí nǹkan kan tó máa tẹ̀ lé e àfi ariwo mọ́tò tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ó ní ooru ló fà á. Nígbà tí ooru lọ, ó ní òtútù ni.

Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò méjì ló wá tú àṣírí rẹ̀. Ọ̀gá Ilé-ìwé, ọkùnrin gígùn kan tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì gbé aṣọ dúdú kan wá pé kí wọ́n fi rán ṣòkòtò tí òun máa wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ ìdágbére. Oníbúrẹ́dì, tó kúrú, tó sì sanra bí àpò ìyẹ̀fun, gbé tirẹ̀ wá lọ́sẹ̀ kan náà. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá Ilé-ìwé wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ láti dán tirẹ̀ wò. Ó pè láti ibẹ̀.

"Télọ̀."

"Sà?"

"Ṣé èmi nìkan lẹ rán ṣòkòtò yìí fún, àbí èmi àti igbákejì mi?"

Ó jáde síta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí ṣòkòtò mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró sí agbede méjì ojúgun. Kò tíì bọ́ ọ tán tí Oníbúrẹ́dì fi ń mí gúlegúle gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó gbé tirẹ̀ kọ́ apá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, láti àárọ̀ lèmi àti ṣòkòtò yìí ti ń jà. Itan ló dé, ó ní òun ò lọ síwájú mọ́."

Aṣọ tí a ti gé kúrú, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́ kó gùn. Má-Kọ-Ọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ègé aṣọ. Ó rò pé Ọ̀gá Ilé-ìwé máa bú òun, ì bá sì ti sàn bó bá bú u. Ọkùnrin náà gbé e dìde ni, ó fọwọ́ kàn án léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ má banú jẹ́. Bí ìgbàgbé bàbá tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Ṣòkòtò àtijọ́ ló wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ rẹ̀.

Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí Má-Kọ-Ọ́ mọ́. Ìyá tó bí i lọ́mọ, ní ọdún mẹ́ta tó lò kẹ́yìn láyé, á máa tẹjú mọ́ ọn, á ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́ o. Ọmọ ta ni ẹ́?" Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni òun alára báyìí. Ó jókòó ti máṣíìnì láìfi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù sì bà á gan-an.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ń lọ ẹ̀wù kan nígbà tí rédíò gbé dókítà kan wá. Dókítà náà ní bí ara ṣe ń lo oúnjẹ àti afẹ́fẹ́, àwọn nǹkan kan a máa yọ níbẹ̀ tó ń jẹ ara díẹ̀díẹ̀, títí kan ọpọlọ, bí dógùn-ún ṣe ń jẹ irin. Ó ní àwọn èròjà kan wà nínú èso àti ẹ̀fọ́ tó ń bá wọn jà, antiọ́sídáǹtì lorúkọ wọn. Má-Kọ-Ọ́ gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Dógùn-ún! Ọ̀rọ̀ tí télọ̀ mọ̀ nìyẹn. Ta ló mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń fi òróró nu abẹ́rẹ́ láràárọ̀? Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ka oúnjẹ: ẹ̀fọ́ tútù tó dúdú, ẹ̀wà, tòmátì, ọsàn, ẹ̀pà, ẹja, kárọ́ọ̀tì, èso tí àwọ̀ rẹ̀ bá pọ́n tàbí tó dúdú. Ó ní kí ènìyàn máa jẹ gbogbo rẹ̀ níwọ̀nba, káàkiri, fún ọdún púpọ̀, kí ó má sì rò pé oògùn ajẹ́-bí-idán ni. Ó tún sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn. Pẹ́ńsùlù wà lórí tábìlì, bébà sì wà. Ṣùgbọ́n ta ni ká sọ pé kó kọ nǹkan sílẹ̀?

Ìgbà tó fi máa dé ọjà ní ìrọ̀lẹ́, kárọ́ọ̀tì nìkan ló kù lórí rẹ̀.

Bó ṣe di pé ó ra ẹ̀kún àpò kárọ́ọ̀tì nìyẹn. Ó ń jẹ ẹ́ ní tútù láàárọ̀, ó ń lọ̀ ọ́ mu lọ́sàn-án, ó ń bọ̀ ọ́ jẹ nírọ̀lẹ́. Ó ń rún un lórí máṣíìnì débi pé akọ̀wé báńkì béèrè bóyá eku wà nínú yàrá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó rẹ̀ wo abọ́ iwájú rẹ̀.

"Bàbáa wọn, ṣé ehoro lẹ fẹ́ dà ni?"

"Orí mi ni mò ń fi òróró sí."

"Ẹ̀fọ́ ń bẹ nínú ìkòkò. Ẹ̀wà ń bẹ."

"Wọn ò dárúkọ ìyẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán ara rẹ̀ wò. Láràárọ̀, bó bá ti jẹ kárọ́ọ̀tì mẹ́rin, á ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, á sì gbé máàkì fún ara rẹ̀. Ó fún ara rẹ̀ ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, láìbìkítà pé kò sí ẹni tó lè sọ bóyá àwọn orúkọ náà tọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ lọ kí àbúrò rẹ̀, ó gbé ìkòkò kárọ́ọ̀tì kaná, ó lọ jókòó síwájú ilé, ó sì ń sọ fún aládùúgbò rẹ̀ bí orí òun ṣe ń jí pépé sí i. Aládùúgbò náà ló kọ́kọ́ gbóòórùn. Nígbà tí wọ́n fi máa sáré wọlé, èéfín ti gba ilé ìdáná, ìdí ìkòkò ti di èédú. Ohun tó ń sè kí ó má baà máa gbàgbé nǹkan, òun gan-an ló gbàgbé sórí iná.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nọ́ọ̀sì kan gbé aṣọ funfun wá pé kí wọ́n fi rán aṣọ iṣẹ́ fún òun. Bí Má-Kọ-Ọ́ ṣe na ọwọ́ sí aṣọ náà, obìnrin náà fà á sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Aró wà níbẹ̀."

Ó fọ̀ ọ́. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí èèpo ọsàn tó pọ́n, kò sì ṣí. Nọ́ọ̀sì náà fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó fi ìka fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ẹyinjú rẹ̀ fínnífínní. Ó ní, "Ojú yín funfun, ìyẹn dára. Àmọ́ ẹ lọ rí dókítà lọ́la."

"Ìyẹn dára" kò wọ Má-Kọ-Ọ́ létí. "Dókítà" nìkan ló gbọ́. Kó tó délé, ó ti gbà pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló ń ṣe òun, pé ẹ̀dọ̀ òun ti lọ. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún. "Àlùmọ́gàjí ńlá, kí àkọ́bí mú un. Máṣíìnì dúdú..." Kò rántí ẹni tó ti ṣèlérí máṣíìnì dúdú fún. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ fi ogún yín sílẹ̀ ná. Ẹ lọ wẹ̀. Èmi náà á bá yín lọ lọ́la."

Ọ̀dọ́bìnrin tó kéré sí àbíkẹ́yìn wọn ni dókítà tó jókòó sí yàrá kẹta nílé ìwòsàn náà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wo ẹyinjú, ó tẹ ikùn wò.

"Bàbá, kí lẹ ń jẹ?"

"Kárọ́ọ̀tì."

"Àti kí ni?"

"Kárọ́ọ̀tì."

Dókítà fi ìwé bo ẹnu. Ó ní kì í ṣe ibà kankan. Ohun tó ń fún kárọ́ọ̀tì láwọ̀ ló pọ̀ jù lára rẹ̀ tó fi yọ sí awọ; tó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni, ẹyinjú náà ì bá ti pọ́n. Ó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ọkàn gbogbo wọn lè balẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dín kárọ́ọ̀tì kù, àwọ̀ náà á lọ díẹ̀díẹ̀. Má-Kọ-Ọ́ wá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: ṣòkòtò méjì, rédíò, ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé orí ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Dókítà náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní òun máa sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí ó fi wọ́n sọ́kàn: ilẹ̀kùn, ẹyẹ, ìràwọ̀. Ó bi í pé ọjọ́ wo àti oṣù wo ni wọ́n wà, ó wá fi aṣọ kan wé e lápá láti wọn ìfúnpá rẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń wọn ènìyàn láti ọjọ́ yìí wá, òun ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹ̀rọ náà ké. Dókítà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ga, Bàbá. Ó ga gan-an. Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Rárá o."

"Èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju ìgbàgbé yín lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú a máa ba ọpọlọ jẹ́, kárọ́ọ̀tì àgbáyé kò sì lè dá a dúró." Ó ní oúnjẹ dára lóòótọ́: àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà àti ẹja fún ọdún púpọ̀, ó jọ pé orí tiwọn máa ń pẹ́ kó tó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ẹ̀, kò sì sí oúnjẹ kan ṣoṣo tó lè dá iṣẹ́ náà ṣe. "Ẹ máa rìn, ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa sùn dáadáa, ẹ máa lo oògùn tí mo bá kọ fún yín. Ó yá, kí ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn?"

"Ilẹ̀kùn. Ẹyẹ. Ìràwọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

"Ó pé. Àwọn yòókù tí mo bi yín náà dára. Nígbà wo gan-an ni ìgbàgbé yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Á tó oṣù mẹ́jọ."

"Kí ló yí padà lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn?"

"Kò sí nǹkan kan tó yí padà."

Ìyàwó rẹ̀ wúkọ́. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́."

"Kí ló kan ìyẹn?" ni Má-Kọ-Ọ́ wí.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Bàbáa wọn, bí ẹ bá délé iṣẹ́, ẹ fa dúrọ́ọ̀ tí mò ń kó bọ́tìnnì sí jáde. Ẹ gbé bọ́tìnnì kúrò. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀."

Kò dúró jẹun. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún náà, ó fa dúrọ́ọ̀. Ìwé nóòtù mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, tí òwú dúdú so pọ̀. Gbogbo ìwọ̀n tó ti kígbe rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ló wà nínú wọn, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ọ̀gá Ilé-ìwé, ìbàdí 32, ẹsẹ̀ 44." "Oníbúrẹ́dì, ìbàdí 46. Ó ti fi méjì lé e láti ọdún tó kọjá. Ẹ má sọ fún un." Ní ojú ìwé kan ó rí i: "Ọkọ mi pè é ní 36, mo wo téèpù, 38 ni." Irú èyí pọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Ó wá kan ìyáàfin ìlà ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìbàdí rẹ̀: 36. Má-Kọ-Ọ́ rántí bí òun ṣe kígbe méjìlélógójì létí gbogbo ayé, ó fi ìwé bo ojú.

Ó kọ́kọ́ bínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n nínú yàrá tí kò sí ẹnì kankan, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Orí tó fi ń ṣe fáàrí láti ìgbà náà, lórí ọrùn ẹlòmíràn ló wà.

Nígbà tó padà délé, ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Inú yín ń dùn," ni obìnrin náà wí. "Aṣọ sì ń wọ àwọn ènìyàn. Kí ni mo fẹ́ tún sọ?"

"Oṣù mẹ́jọ tí mo fi ń jẹ ìyà náà ńkọ́?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀ nípa ìwé náà. Mo rò pé ẹ kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn ún jù, nítorí kò mọ̀ lóòótọ́. Ó lọ bẹ onílé, ó sì gba yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń kó páálí òfìfo sí. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò tó ti òkè, ṣùgbọ́n kò sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ máa gùn. Òun àti Oníbúrẹ́dì ló jọ gbé máṣíìnì sọ̀ kalẹ̀. Ó rán ṣòkòtò méjì tuntun, ó sì lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọn fún àwọn tó ni wọ́n. Ó tilẹ̀ wá ìyáàfin ìlà náà lọ sílé, ó bẹ̀ ẹ́ níwájú ọkọ rẹ̀. Ìyáàfin náà ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n télọ̀ mìíràn ni òun ṣì ń lò.

Ó ń rìn láràárọ̀ báyìí, lọ dé ibi afárá, bọ̀. Ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ó ń jẹ ẹ̀wà, ó ń jẹ ọsàn. Bó bá rí kárọ́ọ̀tì lọ́jà, á gba apá kejì títì. Bóyá òun náà á béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ọmọ ta ni, bíi ti ìyá rẹ̀, kò mọ̀, dókítà náà kò sì parọ́ fún un pé òun mọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun àti ìyàwó rẹ̀ padà sí yàrá kẹta. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Aṣọ tún wé e lápá, ẹ̀rọ tún ké, inú dókítà sì dùn.

"Ó ti wá sílẹ̀ dáadáa, Bàbá. Ṣé ẹ ń rántí lo oògùn yín lójoojúmọ́?"

Má-Kọ-Ọ́ la ẹnu, ó pa á dé, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ó ń lò ó," ni obìnrin náà wí.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n tún padà wá lóṣù mẹ́ta.